Àǹtí Nọ́ọ̀sì Dá Yín Lóhùn: Bàtà Àárọ̀ Ò Wọlé Mọ́ Nírọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí ooru yìí ti mú ni lẹ́tà ẹsẹ̀ wíwú ti ń ya wá sọ́dọ̀ wa, àwọn kan ò tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kankan, fọ́tò ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ní kí n wò ó. Mo wò ó o. Ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè sọ fún mi bóyá ẹsẹ̀ kan ni àbí méjèèjì, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti oògùn tẹ́ ẹ ń lò, mẹ́ta yìí sì ni mo fẹ́ mọ̀ ju bí ẹsẹ̀ ṣe tóbi tó lọ. Mo ti mú mélòó kan nínú àwọn tó kọ̀wé dáadáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

*Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Léèsì ni mò ń tà ní Balógun, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Tí mo bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á fúyẹ́, àmọ́ tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì á ti wú, ojú okùn sálúbàtà á hàn rekete lára ẹ̀. Ọmọ tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi fún mi ní oògùn kékeré funfun kan tó ń jẹ́ kí n tọ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ sì fọn lóòótọ́, bí mo ṣe dá a dúró báyìí ló tún wú. Ṣé kí n máa lò ó lọ ni? – Ìyá Aláṣọ, Balógun*

Ìyá mi, ẹ kú ọjà o. Rárá, ẹ má lò ó mọ́ títí tẹ́ ẹ fi máa rí dókítà. Oògùn yẹn, bí kì í bá ṣe furosemide tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lasix, á jẹ́ ìbátan ẹ̀. Oògùn gidi ni, a máa ń lò ó ní ọsibítù fún ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀ tàbí ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fa omi jáde ló ń fa àwọn èròjà míì lọ nínú ara, pàápàá potassium, ìyẹn sì wà lára ohun tí ọkàn fi ń lù déédéé. Tó bá wálẹ̀ jù, ó máa ń rẹ èèyàn, iṣan á máa sún kì, ọkàn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Ẹ wá rò ó wò, nínú oòrùn Balógun yẹn tẹ́ ẹ ti ń làágùn látàárọ̀, omi wo ló kù tí wọ́n tún fẹ́ fà lára yín?

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín pé omi yẹn, níbo ló ti ń wá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látọ̀dọ̀ ọkàn wá sí ẹsẹ̀, ìyẹn ò le. Kó gòkè padà niṣẹ́. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun yín ló ń bá a ṣe é, bẹ́ ẹ bá ṣe ń rìn ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gùn lọ sókè, bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ pọ́ǹpù omi bọhóòlù. Àwọn ilẹ̀kùn tín-tìn-tín tún wà nínú iṣan yẹn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà wálẹ̀. Béèyàn bá ti ń dàgbà, tó ti bímọ bíi mélòó kan, tó tún sanra díẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn yẹn á dẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá dúró sójú kan látàárọ̀ tàbí kẹ́ ẹ jókòó ká ẹsẹ̀ kọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ jọ sísàlẹ̀, omi ara ẹ̀ á sì máa jò jáde sínú ẹran. Tẹ́ ẹ bá sùn lóru omi náà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń jí tọ̀ lóru, tẹ́sẹ̀ sì ń fọn tó bá dàárọ̀.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun yín, lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, níbi tí egungun wà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá kẹ́ ẹ tó gbé e. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn sínú tí kò sì tètè kún padà, omi ni. Ìyẹn ò tíì sọ ibi tó ti wá o.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó tún fún yín lóògùn. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Odan ò jìnnà sí ìsọ̀ yín. Kí wọ́n wọn BP, kí wọ́n wo ìtọ̀ bóyá prótíìnì wà níbẹ̀, kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀. Ẹ sọ fún dókítà tó bá jẹ́ pé ojú yín ló kọ́kọ́ máa ń wú láàárọ̀, torí kíndìnrín máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ tó bá jẹ́ pé pílò méjì mẹ́ta lẹ fi ń sùn torí èémí ò délẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ gun àtẹ̀gùn pílásà yín tẹ́ ẹ sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀rọ̀ ọkàn nìyẹn lè jẹ́. Tí ikùn bá ń wú pẹ̀lú ẹsẹ̀, tí funfun ojú sì ń di yẹ́lò bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, ẹ̀dọ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, tó jẹ́ ìdúró ló fà á, ẹ kò nílò oògùn rárá. Ẹ má dúró tàbí jókòó sójú kan ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ẹ rìn dé ìparí ìlà ìsọ̀ kẹ́ ẹ padà. Tí kọ́sítọ́mà bá wà níwájú yín tó ń ná léèsì tó mọ̀ pé òun ò ní rà, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò bẹ́ ẹ ṣe ń dá a lóhùn, kò ní mọ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ sùn gbalaja, ẹ kó pílò sábẹ́ ẹsẹ̀ kó ga ju àyà yín lọ, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Kẹ́ ẹ jókòó lórí àga kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó dáa ju kẹ́ ẹ má gbé e rárá, àmọ́ kò tó.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn ò tó ṣíbí ìpotíì kan tó kún, àpapọ̀ ohun gbogbo ni o, èyí tó wà nínú búrẹ́dì, nínú nudúù, nínú Màgí tí wọ́n rọ́ sínú ọbẹ̀ búkà. Ẹ wo ìyá olóúnjẹ tẹ́ ẹ ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ka iye Màgí tó ń tú síkòkò, ẹ̀yin náà á rí i. Kẹ́ ẹ sì má torí pé ẹsẹ̀ wú kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò mumi mọ́, àyàfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

*Àǹtí, dáńfó ni mò ń wà, Kétu sí CMS. Ẹsẹ̀ òsì mi nìkan ló wú láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yìn ojúgun ń ro mí, ó gbóná, tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì ó máa ń dùn mí wọnú egungun. Ìyàwó mi ń fi Aboniki wọ́ ọ fún mi. – Bọ̀dá Dírẹ́bà*

A ti pe bọ̀dá yìí kí ìwé tó lọ sí ìtẹ̀wé, torí irú lẹ́tà yìí kì í dúró de oṣù tó ń bọ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí ẹ̀yin yòókù ni.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú lójijì, tó ń dunni, tó sì gbóná, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ti lè dì nínú iṣan tó wà nísàlẹ̀ ẹran, tí ègé kan nínú ẹ̀ bá já, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pààyàn. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má ní kí wọ́n fa ẹsẹ̀. Wọ́n á ṣe síkáànì iṣan ẹsẹ̀, tó bá jẹ́ òun, oògùn wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì sí i. Tí èémí bá kúrú, tí àyà ń dunni, tàbí tẹ́nì kan ń húkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ pe 767 tàbí 112 tó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó, ẹ má dúró wá ẹni tó máa yá yín lówó mọ́tò.

Ó tún lè jẹ́ kòkòrò ló gba ojú ẹsẹ̀ tó sán láàárín ọmọ ìka wọlé, ara á pọ́n, ibà lè dé. Ìyẹn náà, ọsibítù ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, aláboyún àtẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen nínú, ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ tètè máa ń dì fún gbogbo wọn ju ẹlòmíì lọ.

Ẹ̀yin dírẹ́bà ẹgbẹ́ ẹ̀, afárá Third Mainland yẹn gùn ní nǹkan bíi kìlómítà 11.8, ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì dé lórí ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe kìlómítà lèèyàn fi ń kà á mọ́. Tí mọ́tò bá dúró pátápátá, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ po. Tí kọ̀ndọ́ bá ń pe èrò ní páàkì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ rìn. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kì í mumi nítorí àtitọ̀, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ki tètè máa ń dì.

*Ẹ kú iṣẹ́. Dókítà fún mi ní amlodipine 10 mg fún BP, ẹsẹ̀ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo ti dá a dúró. – Alàgbà, Agége*

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Òótọ́ ni pé oògùn yẹn máa ń wú ẹsẹ̀, ó sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní 10 mg ju ní 5 mg lọ. Kì í ṣe pé omi pọ̀ lára yín, ó kàn ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí Lasix kì í fi í ràn án púpọ̀. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè fi oògùn míì tì í tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ dá a dúró fúnra yín kí BP máa gòkè, rọpárọsẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ tó wú sì sàn ju ẹsẹ̀ tí ò gbéra mọ́ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ibuprofen àti diclofenac bí ẹ̀pà nítorí orúnkún, àwọn náà ń dá omi àti iyọ̀ dúró lára. Prednisolone ńkọ́, àti dexamethasone tí àwọn ọmọbìnrin ń lò kí wọ́n lè sanra? Sísanra tẹ́ ẹ rò pé ẹ sanra yẹn, omi wà lára ẹ̀ jàre.

*Àǹtí mi, oyún oṣù méje ni mo wà, ẹsẹ̀ mi wú, ìyá ọkọ mi ní ọmọkùnrin ni. – Ìyàwó, Ṣúrùlérè*

Àbúrò mi, ẹ kú ewu. Ẹsẹ̀ ò lè sọ bóyá akọ ni àbí abo, ẹ má sọ fún màmá pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń wú díẹ̀díẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń fọn láàárọ̀, oyún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ òsì sùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n tí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì débi pé òrùka ò bọ́ mọ́, tí orí ń fọ́ tí Panadol ò ràn án, tí ojú ń ṣú tàbí tó ń kọ mànà, tó ń dùn yín lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o. BP tó bá dé 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ogún oyún ní láti lọ síwájú dókítà, torí ó lè di gìrì. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ náà, títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà kí màmá má sọ pé ó ti tán torí pé a ti ṣe ìkómọ.

*Ẹsẹ̀ kan màmá mi ti wú fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ ẹ̀ ti le. Àwọn ará àdúgbò ní ó tẹ nǹkan tí wọ́n lẹ̀ sílẹ̀ fún un, wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ sí i. – Ọmọ ẹ̀, Muṣin*

Ó lè jẹ́ jàbùtẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé aràn ẹ̀ látara ẹnì kan sára ẹlòmíì, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn. Ohun míì náà lè mú ẹsẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ gbé màmá lọ sí ọsibítù ńlá bíi LUTH tàbí LASUTH kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Gbẹ́rẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ dá dúró lónìí, gbogbo ojú abẹ ni ilẹ̀kùn tí kòkòrò ń gbà wọlé, gbogbo ìgbà tí kòkòrò bá sì wọlé ni ẹsẹ̀ á tún wú sí i. Ọṣẹ àti omi, lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ fọ àárín ọmọ ìka, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ dáadáa. Ẹsẹ̀ lókè tó bá jókòó. Nẹ́ẹ̀tì lóru.

*Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pinpin yẹn, ṣé ó dáa? – Tíṣà, Yábàá*

Ó dáa fún ẹni tó ń dúró kọ́ ọmọ látàárọ̀, kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó rà á, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ bọ́ ọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Àmọ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú tipiri, tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń tutù nini tó sì ń dùn ún tó bá rìn díẹ̀, kó má wọ̀ ọ́ láìrí dókítà, ẹ̀jẹ̀ tí ò tó tẹ́lẹ̀ ló máa tún dí lọ́nà. Èyí tí wọ́n kó lé orí nẹ́lọ́ǹ lẹ́bàá ọ̀nà ní owó pọ́ọ́kú, rọ́bà ẹ̀ ti kú, ẹ fowó yẹn jẹ àkàrà.