1902 àbí 1964: ọdún wo gan-an ni Wawa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ rí 1902 níbì kan, àbúrò yín tó ń bá Wawa, ilé iṣẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ ní Pennsylvania sì ń pariwo 1964. Ẹ má bá a jà, méjèèjì tọ̀nà.

Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ wàrà lẹ ń bèèrè, 1902 ni George Wood dá a sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, 1964 ni kẹ́ ẹ kọ, nígbà tí Grahame Wood, ọmọọmọ rẹ̀, ṣí àkọ́kọ́ ní Folsom, ní Pennsylvania.

Ohun tó mú kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ló dùn mọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà oníbàárà ni wọ́n ń gbé wàrà lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù, ọjà ilé-dé-ilé wá ń kú lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ní Adó náà ṣe bẹ́ẹ̀: ó kiri kiri, gbogbo wa ti yà sí kíósì. Ló bá gbé tábìlì síta, ó to búrẹ́dì, ó fi ẹyin àti Milo kún un. Ẹ wá wo èrò níbẹ̀ láàárọ̀!

Wawa fúnra rẹ̀, orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń ṣe wàrà ni. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ló túmọ̀ sí lédè Ojibwe, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Òun lẹ ń rí lára pátákó wọn.