Oúnjẹ àwọn ará Éṣíà ní London, níbo la ti lè rà á kówó má tán?

Ìbéèrè: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o ẹ̀yin òbí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé London láti Ìbàdàn ni, Woolwich la wà. Ọmọbìnrin mi ọlọ́dún mẹ́sàn-án ti lọ́rẹ̀ẹ́ nílé ìwé, ará Ṣáínà, ará Kòríà, ará Bangladesh, ohun tí wọ́n bá ní àwọn jẹ nílé lòun náà fẹ́ jẹ, núdù olómi, dọ́ḿpílìn, ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra. Mo dé súpámákẹ́ẹ̀tì ìtòsí wa, ìgò sọ́ọ̀sì kékeré báyìí, owó ẹ̀ bà mí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ owó ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó oṣù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ̀ ń rà á?

Ìdáhùn: Ẹ káàbọ̀ o ìyá wa, ẹ kú ewu ìrìn. Ẹ má rà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ má sì sáré lọ Chinatown ní Gerrard Street, torí àwọn tó wá ṣàbẹ̀wò sí London ni wọ́n ń tà fún jù níbẹ̀. Àdúgbò tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ń gbé ni kẹ́ẹ lọ, àwọn náà ń tọ́mọ bíi tiwa, wọn ò ní ra ọjà tó bá wọ́n jù.

Láti Woolwich, bọ́ọ̀sì 177 ni kẹ́ẹ wọ̀, kẹ́ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Deptford, àwọn ará Vietnam ló ní ṣọ́ọ̀bù ní Deptford High Street. Ìgò soy sauce ńlá, núdù gbígbẹ, dọ́ḿpílìn inú fírísà, ìrẹsì oníkílò mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀. Iye owó kílò kan ni kẹ́ẹ máa wò, ẹ má wo owó orí àpò nìkan. Wednesday, Friday àti Sátidé lọjà ìta ibẹ̀ ń ná. Tẹ́ẹ bá rà á tán, 177 yẹn kan náà ló ń lọ Peckham, ẹ ra iṣu àti ẹran ewúrẹ́ yín bọ̀, ọmọ tí ò tíì pé mọ́kànlá ò sì ní sanwó bọ́ọ̀sì.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mọ̀ jù ni pé ohun èlò ọbẹ̀ tiwa náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line láti Woolwich, Whitechapel kò jìnnà rárá, àwọn ará Bangladesh ló pọ̀ níbẹ̀, ilá tútù wà, kókò wà, lal shak tí wọ́n ń dì ní ìdì pupa yẹn, ẹbí tẹ̀tẹ̀ wa ni, pui shak ni amúnútutù, kódà ewédú máa ń wà nígbà míì, pat shak ni wọ́n ń pè é, ẹ kàn wo ewé ẹ̀ dáadáa ẹ máa dá a mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà sì ń ta ẹ̀wà tí wọ́n ti bó èèpo ẹ̀, chora dal ni wọ́n kọ sí i lára, ẹ rẹ ẹ́ sómi kẹ́ẹ lọ̀ ọ́, mọ́ínmọ́ín dé nìyẹn láìsí wàhálà bíbó. Ohun tẹ́ẹ bá fi pamọ́ lórí ọbẹ̀ lẹ máa fi ra núdù ọmọ.

Ní ti núdù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọn aláta Kòríà yẹn. Ní June 2024, ìjọba Denmark ní kí wọ́n kó irú núdù Samyang Buldak mẹ́ta kúrò lórí àtẹ, wọ́n ní ata inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọmọ wa mọ ata jẹ lóòótọ́, àmọ́ tìyẹn yàtọ̀, ẹ ra èyí tí ò ta, kẹ́ẹ fi omi egungun adìẹ sè é. Ẹ tún ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ̀pà àti edé máa ń wà nínú sọ́ọ̀sì wọn, ara àwọn ọmọ kan ò sì gbà á, pàápàá tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá fẹ́ wá jẹun nílé yín.

Ẹ má sì dààmú pé ẹ gbọ́dọ̀ máa di oúnjẹ Kòríà fún un lọ sílé ìwé, láti September 2023 ni gbogbo ọmọ praimári ìjọba ní London ti ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ se tiyín ní Sátidé, kí òun náà bá yín pọ́n dọ́ḿpílìn. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mú un dání lọ Whitechapel, àárọ̀ ni kẹ́ẹ lọ o, èrò ọ̀sán ibẹ̀ kì í ṣe fún ọmọ kékeré.