Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀: ṣé kí n gbin àgbàdo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí ní agbègbè Ìṣẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀ ni mo gbin àgbàdo. Àfi bí òjò ṣe dá fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ohun tó hù sì gbẹ. Ọmọ mi ní kí n máa tẹ̀lé àsọtẹ́lẹ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, pé àwọn tó ń ṣèwádìí lórí àyípadà ojú ọjọ́ ló wà nídìí ẹ̀. Báwo lẹni tó jókòó sí Àbújá ṣe máa mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ lóko mi? Yàtọ̀ sí pé ìjọba ń tìtorí ọ̀rọ̀ yìí lọ ṣèpàdé lókè òkun, kí ni ìwádìí náà ń ṣe fún èmi?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àmúmọ́ra o. Owó irúgbìn, owó àwọn tó kọ ebè, àti àkókò tó bá a lọ, kò sí èyí tó kéré níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ máa ṣe lóko.

Ẹ má fi òjò kan ṣoṣo gbin àgbàdo. Ìwọ̀n kan wà tí àwọn olùwádìí máa ń lò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: kí òjò tó rọ̀ láàárín ọjọ́ 3 tó 20 mìlímítà, kí òjò má sì dá ju ọjọ́ 7 lọ láàárín 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin fúnra yín lè wọn apá àkọ́kọ́. Ẹ wá agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ní dí i. Tí òjò bá dá, ẹ ki rúlà ọmọ iléèwé bọ̀ ọ́: 20 mìlímítà ni 2 sẹ̀ǹtímítà orí rúlà náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ gbé agolo padà sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdá gbẹ́ ebè kan wò. Tó bá jẹ́ òkè nìkan ló tutù, tí abẹ́ ṣì ń kù bí eruku, ẹ ní sùúrù. Tí ẹ bá bu ilẹ̀ ibi tó jìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ fún un lọ́wọ́, tó dì mọ́ra, ilẹ̀ ti gbomi nìyẹn.

Apá kejì, ìyẹn ọgbọ̀n ọjọ́ tó ń bọ̀, agolo ò lè sọ ọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ NiMet ti wọlé.

Orí òkun ni òjò wa ti ń wá. Afẹ́fẹ́ olómi máa ń ti òkun tó wà nísàlẹ̀ Èkó fẹ́ wọ ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì máa ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ibi tí wọ́n ti pàdé ti ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sókè, tó fi máa dé òkè Hausa lọ́hùn-ún nígbà tó bá di oṣù Kẹjọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń rọ̀, afẹ́fẹ́ méjèèjì ṣì ń tira wọn síwá sẹ́yìn. Tí ti ọyẹ́ bá borí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òjò á dá. Ó dà bíi pé ohun tó bá àgbàdo yín nìyẹn.

Omi òkun kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wọn ìgbóná òkun yìí, àti ti òkun Pàsífíìkì tí El Niño (ìyẹn ìgbà tí omi òkun náà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì ń yí òjò padà káàkiri ayé) ti ń wá, ṣe lè rí ibi tí òjò máa kọrí sí ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Wọ́n á fi wé àkọsílẹ̀ òjò ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni NiMet máa ń gbé èsì rẹ̀ jáde: ọjọ́ tó ṣeé ṣe kí òjò bẹ̀rẹ̀ lágbègbè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó máa kásẹ̀ nílẹ̀, àti bí òjò ṣe máa sinmi pẹ́ tó láàárín ọdún. Wọn ò sọ pé òjò máa rọ̀ lóko yín ní ọjọ́ Tuesday. Ohun tó ṣeé ṣe jù ni wọ́n ń sọ, ó sì lè yẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo irúgbìn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbin apá kan, kí ẹ dúró wo bí ilẹ̀ ṣe rí, kí ẹ tó gbin ìyókù. Ẹ sì béèrè irúgbìn tó ń fara da ọ̀dá lọ́wọ́ àwọn ADP, ìyẹn ètò ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, nínú ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007.

Ṣé àyípadà ojú ọjọ́ ló fa ti ọdún tó kọjá? Mi ò lè fi oko kan àti ọdún kan sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ IPCC, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń jábọ̀ fún ìjọba gbogbo ayé, sọ lọ́dún 2021 pé ayé ti fi nǹkan bí 1.1°C gbóná ju ti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn lọ. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gba omi púpọ̀ sí i, nǹkan bí 7% fún 1°C kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni òjò ṣe lè pẹ́ kó tó dé, tó bá wá dé, tí á ya lulẹ̀.

Ní ti ìpàdé òkè òkun, ẹ rántí omíyalé ọdún 2022. Ó lé ní 600 èèyàn tó kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó sá kúrò nílé. NiMet àti NIHSA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi, ti kìlọ̀ ṣáájú. Àwọn olùwádìí World Weather Attribution, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àyípadà ojú ọjọ́ lọ́wọ́ nínú àjálù, yẹ omíyalé náà wò, wọ́n sì sọ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà pé bí ayé ṣe ń gbóná ló mú kí irú àsìkò òjò ńlá bẹ́ẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 80 rọrùn láti ṣẹlẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Sharm el-Sheikh, ní Íjíbítì, pé kí wọ́n dá owó àpapọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí irú àdánù báyìí bá. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ bíi tiwa lè mú lọ́wọ́ lọ bá àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn ti ń tú èéfín sójú ọ̀run tipẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe èéfín àwọn ẹlòmíì nìkan. Omi ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù wà lára ohun tó kún odò wa lọ́dún náà. Ìdídò Dasin Hausa tó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ ní Adamawa láti gba omi rẹ̀, a ò kọ́ ọ parí láti ọdún gbọ́ọrọ́. Ó dùn mí gan-an ni, nítorí pé ìkìlọ̀ wà. Bákan náà ni òfin àyípadà ojú ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ní 2021: ó wà nínú ìwé, mélòó nínú wa ló rí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ nínú oṣù Kejì, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí NiMet kọ fún agbègbè yín, kí wọ́n sì kà á fún yín ní Yorùbá. Kí ẹ tún béèrè fún ohun èlò kan tí wọ́n fi ń wọn òjò níléèwé tó sún mọ́ yín. Kí ẹ tó rí i gbà, ẹ máa tọ́jú ìwé tí ẹ fi ń kọ òjò inú agolo sílẹ̀.