Ẹrẹ̀ Ara Ọ̀pẹ: Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilẹ̀ Létí Odò Ògùn

Àbúrò, o ní wọ́n ń fi ilẹ̀ lọ̀ ọ́ lápá Ìṣẹrì, létí Odò Ògùn, pé owó rẹ̀ ò wọ́n. O wá ń béèrè pé ta tiẹ̀ ni àwọn Ògùn-Ọ̀ṣun River Basin yìí, àjọ ìjọba tó ń bójú tó omi odò, ìgbà wo ni wọ́n ti wà, ṣé iṣẹ́ wọn kọ́ ni láti dá omi dúró kó má wọlé èèyàn. Mo ti sanwó ẹ̀kọ́ yìí, ó sì wọ́n ju ilẹ̀ lọ.

Oṣù Èrèlé ọdún 2008 ni mo lọ wo tèmi. Ilẹ̀ gbẹ, eruku ń sọ. Ọ̀pẹ mẹ́ta wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ara wọn láti ìdí títí dé ibi àyà mi, ó sì dọ́gba lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bíi pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń ṣí bí èèpá. Ẹni tó ń talẹ̀ ní àwọn ọmọdé ló ń fi ẹrẹ̀ ṣeré. Mo gbà á gbọ́, torí mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ní Ọ̀wàrà 2010, omi tó wọ pálọ̀ mi ga dé àyà mi. Jẹnẹrétọ̀ rì, sílíńdà gáàsì ń léfòó káàkiri bí igbá, ọkọ̀ ojú omi la sì ń wọ̀ ní àdúgbò tí mo ti ń wa mọ́tò kọjá.

Mo ń wá ẹni tí màá bá jà. Bàbá kan l'Ábẹ́òkúta, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ omi, ló mú mi jókòó, tó bi mí bóyá mo mọ ohun tó bí àwọn River Basin. N ò mọ̀.

Ọ̀dá ló bí wọn. Láàárín 1972 sí 1974, òjò kọ̀ lókè Ọya, ẹran ọ̀sìn kú bẹẹrẹ. Ní 1973, ìjọba ológun dá méjì àkọ́kọ́ nínú àwọn àjọ yìí sílẹ̀, ti Sokoto-Rima àti ti Lake Chad. Ní 1976, lábẹ́ Ọbásanjọ́, Decree 25 mú un kárí Nàìjíríà. Ìgbà yẹn ni Ògùn-Ọ̀ṣun dé, tó fìdí kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà Alábàtà l'Ábẹ́òkúta.

Èyí tó kàn ọ́ ni pé omi oko àti omi mímu ni wọ́n torí ẹ̀ dá wọn sílẹ̀. Dáàmù wọn ní Ọ̀yán, odò tó ń ṣàn wọ Odò Ògùn, tí Shagari ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1983, gba omi mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Omi tí wọ́n ń tú níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Abẹ́òkúta ń mu, òun náà ló ń ṣàn dé Akúté kí Èkó tó fà á lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjú àti Àdìyàn.

Dáàmù dà bí àmù. Bó o bá fẹ́ kó kún kí òjò tó dá, níbo ni omi àrọ̀kúrò máa gbà? Bó bá sì kún jù, dáàmù lè ya, ìyẹn sì burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣí géètì díẹ̀díẹ̀ ní Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Omi yẹn á wá pàdé èyí tó ń ti ọ̀nà Ṣakí bọ̀. Bí ọ̀sà bá ga lọ́jọ́ náà, kò ríbi lọ, á tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹ. Ibi tó ń tẹ́ sí, ibẹ̀ ni mo kọ́lé sí. Kí dáàmù tó dé ni odò ti ń gbabẹ̀ sùn.

Bàbá yẹn ló ní kí n lọ wo Ìbarò àti Abúlé Títun, níbi tí wọ́n kó àwọn tí adágún Ọ̀yán gba ilẹ̀ wọn lọ. Omi tó dúró sójú kan fa ìgbín omi, ìgbín fa àtọ̀sí ajá, àwọn ọmọdé ń tọ ẹ̀jẹ̀. Èmi fọwọ́ ara mi ra tèmi. Nígbà tí mo padà, n ò rí ẹni bá jà mọ́.

Má tíì sanwó. Dúró di Ọ̀wàrà, wọ bàtà òjò, kó o tún lọ wò ó. Bá àwọn tó ń wa yanrìn létí odò sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń talẹ̀. Wo ara igi.

Tèmi ṣì wà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ilá ni mò ń gbìn sí i báyìí, mo sì máa ń kó wọn tán kí Ọwẹ́wẹ̀ tó wọlé. Ìyá àwọn ọmọ ò tún débẹ̀ mọ́.