Ìjì ká páànù, ògiri ń bu: ṣé kí á kùn ún ni?

Ìbéèrè: Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ká páànù lórí yàrá méjì nínú ilé wa ní Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹta ni a tó rí tapólì bò ó, òjò sì ti wọlé dáadáa. A ti kan páànù tuntun, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ èbu dúdú ti gba ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì. Yàrá ń rùn, ọmọ wa kékeré ń wúkọ́ lóru, sílíǹgì POP yàrá kan sì ti rọ̀ sílẹ̀ láàárín. Péńtà ní kí á fi gílọ́ọ̀sì, ọ̀dà tó ń dán, kùn ún, pé èbu náà kò ní jáde mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jẹ́ kí péńtà fọwọ́ kan ògiri yẹn. Búlọ́ọ̀kù tí òjò lù fún ọjọ́ mẹ́ta mu omi ju bí ojú ṣe rí i lọ, ihò inú rẹ̀ sì lè gba omi dúró. Gílọ́ọ̀sì yóò dí ojú ògiri pa. Omi tó ń wá ọ̀nà jáde yóò máa ti ọ̀dà náà títí yóò fi wú, tí yóò sì bó, ẹ óò wá rí i pé èbu ti ń hù lábẹ́ rẹ̀. Owó ọ̀dà nìyẹn, ó ti wọgbó.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí páànù tuntun náà lè máa jò. Orí òkè páànù, ìyẹn ibi tó yọ sókè lára ìgbì rẹ̀, ni ìṣó ń wà, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kàn sí kòtò, ojú ọ̀nà omi ni wọ́n kàn án sí. Etí òrùlé àti igun ni atẹ́gùn ti ń fà jù, torí náà kí ìṣó wà lórí gbogbo òkè páànù níbẹ̀. Láàárín, wọ́n lè máa fo ọ̀kan. Ẹ bi káfíńtà bóyá irin pẹlẹbẹ so igi orí ògiri mọ́ búlọ́ọ̀kù. Bí kò bá sí, ìjì mìíràn yóò gbé igi àti páànù lọ pọ̀. Kí ẹnì kan máa fi rọ́bà omi wọ́n omi sórí òrùlé, kí ẹlòmíràn wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí ibi tó ń jò.

Ẹ pa iná yàrá méjèèjì láti orí súìṣì ńlá. Omi máa ń dúró sínú páìpù wáyà tó wà nínú ògiri, kò sì ní hàn síta. Kí oníṣẹ́ iná ṣí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kó pààrọ̀ èyí tó ti dípẹtà, kó sì fi Megger, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá rọ́bà ara wáyà ṣì dá iná dúró, dán wáyà wò kí ẹ tó tan iná padà.

POP tó rọ̀ yẹn, ẹ má tì í padà sókè, ẹnikẹ́ni má sì sùn lábẹ́ rẹ̀. Ó ti wúwo, okùn irin tó gbé e dúró sì ti ń dípẹtà. Ẹ gé e kúrò kọjá ibi tí àmì omi dé. Àmọ́ bí ilé yín bá jẹ́ ti àtijọ́, tí sílíǹgì yàrá kejì sì jẹ́ pátákó líle aláwọ̀ eérú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asbestos. Ẹ má fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi wọ́n ọn, ẹ tú u lódindi, kí ẹ fi nílọ́ọ̀nù nípọn wé e.

Ní ti èbu náà, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun ni. Ohun funfun tó bá ń yọ lára ògiri lè jẹ́ iyọ̀ inú símẹ́ǹtì àti yanrìn: ẹ kán omi sí i, iyọ̀ á yọ́, èbu kò ní yọ́. Ti dúdú, ẹ kán bílíìsì sí i. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, èbu ni. Bí ó bá ju nǹkan bíi mítà kan níbùú àti lóròó lọ, bí ti yín ṣe dàbí, ẹ gba oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ọmọ yín kúrò ní apá ibẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí ikọ́ náà kò bá dáwọ́ dúró, tàbí tí ó ń mí sókè sódò, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ lo ìbòmú N95, ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti jígí ojú. Ẹ pa fáànù. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ibẹ̀ kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, torí gbígbẹ tí a bá ha á ló ń fọ́n ká gbogbo ilé. Ẹ kan ògiri pẹ̀lú ìka: ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo, ẹ wó símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kúrò dé búlọ́ọ̀kù. Bílíìsì dára fún táìsì àti fèrèsé, ìwọ̀n mílílítà 250 sínú lítà mẹ́rin omi. Lára símẹ́ǹtì, ojú ògiri nìkan ni bílíìsì ń dé, omi tí a pò ó mọ́ ló ń wọlé. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ láé, èéfín rẹ̀ lè pani. Fóòmù àti kápẹ́ẹ̀tì tó ti bu, ẹ dà á nù. Aṣọ ṣeé fọ̀, kí ẹ sì sá a sóòrùn.

Gbígbẹ ló gba sùúrù jù. Ẹ ṣí fèrèsé láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ọ̀sán tí òjò kò bá rọ̀, kí fáànù kọjú síta, kí ẹ tì í ní alẹ́. Ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé nítorí fáànù; gáàsì carbon monoxide tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún yín. Sítóòfù kẹrosíní pẹ̀lú ń fi omi kún afẹ́fẹ́ ni.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gé nílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ínǹṣì 18 níbùú àti lóròó, kí ẹ fi sẹlotéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri fún ọjọ́ kan. Bí omi bá sẹ̀ sí inú rẹ̀, níhà ògiri, ẹ dúró. Bí ojú rẹ̀ tó kọ sí yàrá ló tutù, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni omi náà ti ń wá. Ìgbà tí inú rẹ̀ bá gbẹ léraléra ni kí péńtà wá, kó fi ọ̀dà emulsion tó ní oògùn èbu kùn ún. Kí gílọ́ọ̀sì máa lọ sára irin.

Bí nílọ́ọ̀nù bá ṣì ń tutù lẹ́yìn oṣù méjì tí òrùlé kò jò mọ́, omi ìjì kọ́ nìyẹn. Èbu tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ń mú kí n fura sí ilẹ̀ tàbí páìpù balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri náà. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa lálẹ́, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé nínú táǹkì, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ wá púlọ́mbà.