Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọmọ Tó Ń Ka Sáíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo: Law ni ọmọbìnrin mi fi sí JAMB, àmọ́ sáíkọ́lọ́jì ni yunifásítì fún un. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun ò ní lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wèrè. Ṣé kó gbà á, àbí kó tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ bá wa sọ fún Bàbá pé dókítà tó ń kọ oògùn fún aláìsàn ní Àró l'Abẹ́òkúta tàbí ní Yábà l'Ékòó, ìmọ̀ ìṣègùn ló kọ́kọ́ kà kó tó lọ kọ́ nípa àrùn ọpọlọ. Ẹni tó gba B.Sc. sáíkọ́lọ́jì kò lè kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni, kò sì tíì tó ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Bó bá wù ú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnwá ọ̀la, á ka M.Sc. clinical psychology, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ìbàdàn àti ní UNILAG, á sì kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lábẹ́ ọ̀gá.

Ọdún 4 ni fún ẹni tó gba JAMB wọlé, ọdún 3 fún Direct Entry. Ohun tí ọmọ yín máa bá pàdé níbẹ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan àti bó ṣe ń gbàgbé, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di àgbà, bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹgbẹ́ ṣe ń darí ẹni, bí wọ́n ṣe ń yan òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ìṣirò, ìṣirò, ìṣirò. Ibi tí à ń bẹ̀rù fún ọmọ tó ti fọkàn sí Law nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wo orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì ọdún kejì ní ẹ̀ka náà kó tó fèsì. Bí kò bá kórìíra ìṣirò, kó gbà á. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ti ibẹ̀ yí sí Law ni, kó má gbọ́kàn lé e, torí àyè irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Kó sì wo IBASS, àkójọ ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè tí JAMB gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó rí i pé èsì WAEC òun bá ohun tí yunifásítì náà ń béèrè mu. Kírẹ́díìtì Mathematics ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọsẹ̀ lé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì, Adó-Èkìtì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba 9 nínú 30 nínú test statistics. Ènìyàn ni mo wá kọ́ nípa rẹ̀, kí ni ìṣirò ń wá níbẹ̀? Standard deviation gan-an ò yé mi.

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ wa. Láti ìgbà tí Wilhelm Wundt, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, ti dá yàrá ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, ní 1879, wíwọ̀n ni wọ́n fi ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àròjinlẹ̀ lásán. A kì í rí ìbẹ̀rù tàbí ìrántí lójú. Nọ́ńbà tí a fi wọ̀n ọ́n la máa ń rí. Ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà, ohun tí ẹlòmíì bá sọ fún un ni yóò máa tún sọ.

Mú bébà. Ọmọ 5 ṣe ìdánwò ìrántí ọ̀rọ̀, wọ́n rántí ọ̀rọ̀ 4, 6, 8, 10 àti 12. Ro wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 40. Pín in sí 5, mean jẹ́ 8. Wo bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jìn sí 8: −4, −2, 0, 2, 4. Bí o bá ro èyí pọ̀, òfo ni, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di square: 16, 4, 0, 4, 16. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Pín in sí 4, ó di 10. Square root 10 jẹ́ 3.16. Standard deviation rẹ nìyẹn: bí àwọn ọmọ náà ṣe fọ́n káàkiri mean.

Kí ló dé tí a fi pín in sí 4 nígbà tí ọmọ jẹ́ 5? Torí inú àwọn ọmọ yìí kan náà la ti yọ mean. Àròpọ̀ jíjìnnà márààrún gbọ́dọ̀ já sí òfo, nítorí náà bí o bá ti mọ mẹ́rin, ìkarùn-ún ò lè yàn fúnra rẹ̀ mọ́. Mẹ́rin péré ló wà lómìnira. Bí o bá pín in sí 5, 2.83 ni wàá rí, ibẹ̀ sì ni máàkì ti ń lọ jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò ní bọ́tìnì méjì fún un: èyí tí wọ́n kọ σ sí ń pín in sí iye ènìyàn gbogbo, èyí tí wọ́n kọ s sí ń yọ ọ̀kan kúrò. Wo ẹ̀rọ tìrẹ dáadáa kó tó di ọjọ́ ìdánwò. Má sì gé nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn point kù láàárín iṣẹ́. Ìparí ni kó o ti gé e.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ti gbàwé ẹ̀rí pàápàá ń ṣì sọ. Bí èsì ìwádìí bá ní p = 0.03, kò sọ pé àbá rẹ jẹ́ òótọ́ ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń sọ ni pé ká ní kò sí ìyàtọ̀ kankan rárá láàárín àwọn tí à ń fi wéra, irú ìyàtọ̀ tó o rí yìí tàbí èyí tó jù ú lọ á yọjú ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kọ gbólóhùn yẹn sẹ́yìn ìwé rẹ, kó o máa kà á.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ìjẹ̀bú-Òde: Mo máa ń ka ìwé di ìdájí, mo fi gègé aláwọ̀ fa gbogbo rẹ̀ lábẹ́. Tí mo bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò, gbogbo rẹ̀ á pòórá.

Ojú rẹ ti mọ ìwé náà, ìyẹn lo rò pé o ti mọ̀ ọ́n. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì méjì ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kà: apá kan tún un kà, apá kejì pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kọ ọ́ láìwòwé ti fi wọ́n sílẹ̀ jìnnà. Nítorí náà, pa ìwé dé. Mú bébà tí kò ní nǹkan kan nínú, kọ ohun tó o rántí, kó o wá fi bírò pupa kún ohun tó o gbàgbé. Tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á nira, ọkàn rẹ á sì máa sọ fún ọ pé o ò mọ nǹkan kan. Ìnira yẹn gan-an ló ń mú un dúró. Sì máa sùn lóru.

Akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá, Ìbàdàn: Mo ń wádìí bí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà ṣe ń wo iyì ara wọn. Rosenberg scale, ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn iyì ara ẹni, ni mo túmọ̀ sí Yorùbá, mo lo fún obìnrin 120. Cronbach's alpha tí mo rí jẹ́ 0.21. Ọ̀gá mi ò gbà á.

Ọ̀gá rẹ tọ̀nà. Alpha ń sọ bóyá àwọn ìbéèrè náà ń fa ohun kan náà síbì kan, 0.70 sókè sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fẹ́. Má tíì ju iṣẹ́ náà nù o.

Ìbéèrè 10 ló wà nínú òṣùwọ̀n tí Rosenberg gbé jáde ní 1965, 5 ń yin ara ẹni, 5 ń tàbùkù ara ẹni. Ká ní máàkì ń lọ láti 1 dé 4. Obìnrin tó ka ara rẹ̀ sí púpọ̀ á mú 4 níbi ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó ń yin ara ẹni, 1 níbi èyí tó ń tàbùkù ara ẹni: 20 àti 5, ó di 25. Èyí tó rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan á mú 5 àti 20. 25 náà nìyẹn! Ẹni méjì tó jìnnà síra bí ọ̀run àti ilẹ̀ wá gba máàkì kan náà, torí pé o ò yí àwọn ìbéèrè ìtàbùkù padà. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, wọ́n wà ní 2, 5, 6, 8 àti 9, àmọ́ fi ojú ara rẹ wo tìrẹ. Yọ máàkì kọ̀ọ̀kan nínú wọn kúrò nínú 5: 4 di 1, 3 di 2. Nígbà náà, ìyá kìíní á ní 40, ìkejì á ní 10.

Nínú SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí, Recode into Different Variables ni kó o lò, kó o fún un lórúkọ tuntun. Bó o bá lo Same Variables, tó o sì ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Bó bá sì jẹ́ 99 lo kọ síbi tí ẹnì kan ò ti dáhùn, sọ fún SPSS pé missing ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kà á pọ̀ mọ́ máàkì.

Bí alpha bá ṣì kéré lẹ́yìn èyí, a fura sí ìtumọ̀. Ìbéèrè kan nínú rẹ̀ dá lórí pé ènìyàn ò ní ohun púpọ̀ tó lè mú un gbéra ga. Bí o bá túmọ̀ rẹ̀ sí “Mi ò ní ohun púpọ̀ tí mo lè fi yangàn,” ìyá tó mọyì ara rẹ̀ á sọ pé “Bẹ́ẹ̀ ni,” torí lójú tiwa, ọmọlúàbí kì í yangàn. Ìwà rere ló ń sọ, ìwọ kọ ìtàbùkù sílẹ̀. “Kò sí ohun púpọ̀ nínú ayé mi tó ń mú orí mi wú” sún mọ́ ọn jù. Ohun tó yẹ kó o ṣe ṣáájú ni pé kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíì tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ jọ wo ibi tí méjèèjì ò ti bára mu. Lẹ́yìn náà, kà á fún ìyá bíi mẹ́jọ, kó o ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Bó bá di dandan pé kó o padà sọ́jà, tún gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ ethics kó o tó lọ. A bẹ̀ ọ́, má jókòó sí họ́sítẹ́ẹ̀lì fọwọ́ ara rẹ kọ nọ́ńbà kún un. Alpha tó kéré tó o ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ní orí karùn-ún próójẹ́ẹ̀tì rẹ níyì ju èyí tó ga tó jẹ́ irọ́.

Àǹtí Peckham, London: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba B.Sc. sáíkọ́lọ́jì ní Nàìjíríà, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣé ó lè máa pe ara rẹ̀ ní clinical psychologist níbí?

Kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Òfin dáàbò bo orúkọ yẹn, àwọn tó wà nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níbẹ̀, nìkan ló lè jẹ́ ẹ. Ọ̀nà tó ń gbà lọ síbẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ gba ohun tí British Psychological Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì níbẹ̀, ń pè ní GBC, ìyẹn ìfọwọ́sí pé dìgírì rẹ̀ kúnjú òṣùwọ̀n wọn. Ẹni tí dìgírì rẹ̀ ò bá kúnjú òṣùwọ̀n á ka conversion course, kọ́ọ̀sì tó máa gbé e dé ìwọ̀n náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni doctorate ọdún 3, ìdíje ibẹ̀ sì le gan-an, nítorí náà iṣẹ́ assistant psychologist tàbí iṣẹ́ ìtọ́jú tó jọ ọ́ ni kó máa wá nísinsìnyí. Kó sì kọ̀wé béèrè transcript àti àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ yunifásítì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, torí ó lè pẹ́ kó tó dé.