Ferrari tókunbọ̀ tí sítíárìn ẹ̀ wà lápá òsì: ṣé kí n rà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìlú Ọba ni mo ń gbé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó torí Ferrari. Mo wá rí F430 kan ní Japan, ti ọdún 2007, kìlómítà tó ti rìn ò pọ̀ rárá, iye tí wọ́n pè é sì kéré gan-an sí ti ibí, àfi pé apá òsì ni sítíárìn ẹ̀ wà, apá ọ̀tún sì ni ti mọ́tò ibí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fowó ránṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Sítíárìn yẹn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Ferrari F40, F50, Enzo, títí kan Porsche Carrera GT, apá òsì ni sítíárìn wọn wà nígbà tí wọ́n ń tà wọ́n, àwọn èèyàn sì ń wà wọ́n ní Ìlú Ọba. Àwọn olówó Japan náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé apá ọ̀tún ni ti mọ́tò ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fẹ́ kí mọ́tò Ítálì wọn wà lápá òsì, ìdí nìyẹn tí irú ẹ̀ fi pọ̀ níbẹ̀.

Owó gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí. Ká ní 80,000 pọ́n-ùn ni wọ́n pè é, ẹ wá san 2,000 láti gbé e wá, Kọ́sítọ́ọ̀mù á gba ìdá 10 nínú 100 lórí 82,000 yẹn, 8,200 nìyẹn, wọ́n á ro ó mọ́ ọn kó di 90,200, wọ́n á tún wá gba VAT, ìyẹn owó orí ọjà, lórí gbogbo ẹ̀, ìdá 20 nínú 100, ìyẹn 18,040. 108,240 pọ́n-ùn lẹ ti ná yẹn, mọ́tò ò tíì kan títì o! Iye yẹn ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ibí. Tó bá jẹ́ Jámánì tàbí Ítálì lẹ ti ń gbé e bọ̀, ìdá 10 yẹn lè kúrò tẹ́ni tó tà á bá lè kó ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é sílẹ̀, àmọ́ VAT ò ní kúrò. Àwọn mọ́tò tó ti lé ní 30 ọdún tí wọn ò sì tíì pààrọ̀ nǹkan gidi kan lára wọn ló máa ń rí àánú gbà, VAT ìdá 5 péré, ti yín ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ká tó wá sọ pé ẹ máa rà á, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò gbàǹjo ẹ̀ hàn yín, ìyẹn ìwé tí wọ́n máa ń kọ máàkì mọ́tò sí tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tà á ní gbàǹjo. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà R níbi tí máàkì wà, ó ti ní jàǹbá rí, wọ́n tún un ṣe ni. Kìlómítà kékeré yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín jù, mọ́tò tó kàn dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, rọ́bà inú ẹ̀ á gbẹ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: 1215 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2015, irú táyà bẹ́ẹ̀ ò ṣeé sáré rárá. Tó bá jẹ́ gíá F1 tí wọ́n ń fìka yí lẹ́yìn sítíárìn, ẹ ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wo bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe jẹ tó. Mánífóòdù tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnnì F430 máa ń là, ẹ ní kí mẹkáníìkì tó mọ Ferrari tẹ́tí sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kó má ṣe jẹ́ ẹni tó ń tà á ló máa mú mẹkáníìkì wá. Èyí tó dáa níbẹ̀ ni pé ṣéènì ni F430 ń lò fún tímìn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀lì bíi ti Ferrari 360 tó ṣáájú ẹ̀, ìyẹn dín ìnáwó kù.

Ọ̀rọ̀ pátíkúlà ò le. Tó bá ti gúnlẹ̀, ẹ sọ fún HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba, láàárín ọjọ́ 14, torí láìṣe ìyẹn DVLA, àwọn tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ò ní fún yín ní nọ́ńbà. Ó ti ju ọdún 10 lọ, ẹ bọ́ lọ́wọ́ IVA, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá mọ́tò bá òfin ibí mu, MOT tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún nìkan ló kù. Torí pé apá òsì títì làwọn ará Japan náà ń rìn, iná iwájú lè ti wà bó ṣe yẹ, àmọ́ ẹ yẹ iná kùrukùru ẹ̀yìn wò, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ojú ìwọ̀n eré láti kìlómítà sí máìlì.

Ibi tí apá òsì ti máa dà yín láàmú ni tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn tírélà tẹ́ ẹ fẹ́ ya á sílẹ̀, ẹ ò ní rí iwájú, ẹ fà sẹ́yìn dáadáa kójú yín lè rí iwájú kẹ́ ẹ tó yọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà á lọ́la, àwọn tó máa rà á ní Ìlú Ọba ò ní pọ̀, ẹ lè wá oníbàárà lọ sí Yúróòpù.

Lónìí yìí, kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ pe àwọn oníǹṣọ́ránsì. Àwọn kan ò ní gba sítíárìn apá òsì. Ẹni tó bá gbà, ẹ jẹ́ kó kọ iye tí wọ́n máa san tí mọ́tò bá bàjẹ́ pátápátá sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá nọ́ńbà ṣáṣíìsì nìkan tó fún un láti bò ó látọjọ́ tó bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté, nígbà tí nọ́ńbà ò tíì jáde.